Ẹ Má Lọ Jókòó

"Ọ̀gá, ẹ lọ jókòó síbẹ̀ yẹn, a ò ní pẹ́ parí ẹ̀." Gbólóhùn yìí ló ba ọ̀sẹ̀ yìí jẹ́ mọ́ akọ̀wé ojú ewé yìí lọ́wọ́. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan ló sọ ọ́ fún un ní ọgbà mẹkáníìkì kan n'Ìbàdàn, bí wọ́n ṣe ń tú táyà iwájú láti pààrọ̀ páàdì bíréèkì. Bẹ́ǹṣì kan wà lábẹ́ igi máńgòrò níbi tó nàka sí. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀, ẹ̀yìn àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nìkan ló máa rí.

Àwọn tó ti ń ka ojú ewé yìí bọ̀ mọ̀ pé ìjà àtijọ́ ni. Akọ̀wé yìí ti bá àwọn tó ń ta epo bẹntiróòlù jà nítorí mítà tí wọ́n kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sí oníbàárà. Ó ti bá àwọn bíríkìlà jà nítorí sìmẹ́ǹtì tí wọ́n ń pò nígbà tí onílé ò sí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ fún gbogbo wọn: ẹ jẹ́ ká fojú rí i. Àmọ́ ti bíréèkì yìí kọjá ti epo, ó kọjá ti sìmẹ́ǹtì.

Nígbà tí bíréèkì bá bẹ̀rẹ̀ sí í han, ìbéèrè tí onímọ́tò máa ń bi ara rẹ̀ ni pé ṣé kí òun pààrọ̀ páàdì náà fúnra òun ni, àbí kí òun sanwó fún mẹkáníìkì. Ohun mẹ́ta ló yẹ kí èèyàn gbé yẹ̀ wò: owó, irinṣẹ́, àti ẹ̀mí àwọn tó wà nínú ọkọ̀. Owó ló máa ṣáájú.

Ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston, owó iṣẹ́ mẹkáníìkì, tí wọ́n ń ṣírò ní wákàtí-wákàtí, lè ju owó páàdì lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ Yorùbá kan lọ́hùn-ún fi ń ra sípánà, tí wọ́n ń ṣe é fúnra wọn níwájú ilé. Nílé níbí, òdìkejì rẹ̀ ló wọ́pọ̀. Owó iṣẹ́ kì í pọ̀. Inú ọjà rírà lowó ń bá lọ. "Ẹ kówó wá, n ó bá yín rà á" ni mẹkáníìkì máa sọ, ó di Ládípọ̀ ní Mushin, tàbí Araromi ní Gate bó bá jẹ́ Ìbàdàn. Ojúlówó wà níbẹ̀, ayédèrú wà níbẹ̀, tòkunbọ̀ náà wà níbẹ̀. Páàdì jẹ́ ohun líle tí wọ́n lẹ̀ mọ́ awo irin, òun ló ń há dísìkì mọ́ tí ọkọ̀ fi ń dúró. Bó bá wà ní tuntun, ohun líle náà sábà máa ń nípọn tó mìlímítà 10 sí 12. Bó bá ti kù sí nǹkan bíi 3, ó ti tó pààrọ̀. Ẹni tó ra tòkunbọ̀ páàdì ra ohun tí ẹlòmíì ti lò, kò sì mọ̀ bóyá ó ti mu gíríìsì rí tàbí iná ooru ti bà á jẹ́. Onímọ́tò tó bá bá mẹkáníìkì rẹ̀ lọ sọ́jà, tó mọ orúkọ àti ọdún ọkọ̀ rẹ̀, tó sì mú páàdì àtijọ́ dání láti fi wé tuntun, owó tó máa ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́ lè ju owó iṣẹ́ lọ.

Ṣùgbọ́n báwo ló ṣe máa mú páàdì àtijọ́ dání nígbà tí wọ́n ti ní kó lọ jókòó?

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí onímọ́tò bá wà lórí bẹ́ǹṣì nìyí. Wọ́n á tú kálípà, wọ́n á jẹ́ kó máa fi dirodiro lórí rọ́bà tó ń gbé ọ́ìlì bíréèkì wá, bẹ́ẹ̀ wọn ò ṣe rọ́bà yẹn fún gbígbé ẹrù. Wáyà lásán ló yẹ kí wọ́n fi so ó rọ̀. Wọ́n á fi sáńpépà ha páàdì tó ti jẹ, wọ́n á dá a padà síbẹ̀, wọ́n á gba owó tuntun. Irin pẹlẹbẹ kékeré kan wà lára ọ̀pọ̀ páàdì, tí wọ́n dìídì ṣe kó máa ha dísìkì kó sì pariwo nígbà tí páàdì bá ń tán lọ. Àwọn kan á fi pílíáì ṣẹ́ ẹ. Ariwo á dákẹ́, onímọ́tò á dúpẹ́, á tún fún wọn lówó omi, nígbà tó jẹ́ pé ohun tó yẹ kó kìlọ̀ fún un ni wọ́n pa lẹ́nu mọ́. Òmíràn á pààrọ̀ ti ọ̀tún, á fi ti òsì sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ tọ̀tún-tòsì ló yẹ kó bára lọ, kí ọkọ̀ má baà máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan bí wọ́n bá tẹ bíréèkì. Irin méjì tí kálípà ń yọ̀ lórí rẹ̀ síwá-sẹ́yìn sì wà níbẹ̀, gíríìsì tí ooru kì í yọ́ ló yẹ kí wọ́n fi kùn ún. Bó bá gan, páàdì kan á jẹ tán nígbà tí èkejì rẹ̀ ṣì nípọn.

Ọ́ìlì bíréèkì ńkọ́? Ọ́ìlì yìí máa ń fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́. Ìlànà ọ́ìlì bíréèkì tí wọ́n ń pè ní DOT 4 ní kí èyí tó jẹ́ tuntun má hó títí ooru yóò fi dé 230 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ṣùgbọ́n tó bá ti mu omi, 155 ni ìlànà náà béèrè. Bó bá hó nínú páìpù, èéfín á dípò rẹ̀, ẹsẹ̀ á kàn rì wọlẹ̀, bíréèkì ò ní mú. Ní ọgbà mẹkáníìkì yẹn, agolo ọ́ìlì bíréèkì wà lórí tábìlì, kò ní ọmọrí. Akọ̀wé yìí rí i nítorí pé kò lọ jókòó.

Irinṣẹ́ ló kàn. Jáàkì inú búùtù, pípààrọ̀ táyà ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe bíréèkì fúnra rẹ̀ nílò ilẹ̀ títẹ́, irin ẹlẹ́sẹ̀ tó máa gbé ọkọ̀ dúró, kílám̀pù tó máa ti písítìnì padà, sípánà tó ń wọn bí wọ́n ṣe de nọ́ọ̀tì le tó, àti ìbòmú. Ìbòmú kì í ṣe àṣejù. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń fi asbestos ṣe páàdì, eruku rẹ̀ sì ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Bìrìtìkó, ìyẹn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fòfin dè é ní 1999. 2024 ni Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ fòfin de èyí tó kù nínú bíréèkì mọ́tò. Ọ̀pọ̀ páálí páàdì tó wà lọ́jà níbí kò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó ní kí èèyàn lọ jókòó yẹn, ẹnu ló fi fẹ́ eruku náà dànù, ó sì fà á símú. Akọ̀wé yìí ò bínú sí ọmọ náà. Ọ̀gá rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n bi: ta ló kọ́ ọmọ yìí pé oníbàárà tó ń woni ṣiṣẹ́ ọ̀tá ni, tí kò kọ́ ọ pé kó fi aṣọ bo imú?

Kì í ṣe òní ni èèyàn ti ń fojú ara rẹ̀ yẹ bíréèkì wò. Bàbá akọ̀wé yìí ṣe ọmọ ọkọ̀ nígbà ayé bọ́ọ̀lẹ̀kájà, nígbà tí ara ọkọ̀ jẹ́ pákó. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti bẹ́ sílẹ̀ lójú òkè, kó fi ìtì igi há ẹ̀yìn táyà kí ọkọ̀ má baà yí padà. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ẹ̀fọ̀n Aláayè ló máa ń dárúkọ jù. Ohun tó máa ń sọ nípa dẹ́rẹ́bà rẹ̀ ni pé kí ilẹ̀ tó mọ́, ọkùnrin náà á ti mú àtùpà, á dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, á fọwọ́ tọ páìpù bíréèkì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò mọ̀wé. Mẹkáníìkì ló ń tún ọkọ̀ ṣe fún un, ṣùgbọ́n kò gbà kí ẹnikẹ́ni bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Obìnrin kan ti ṣe irú èyí ṣáájú gbogbo dẹ́rẹ́bà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1888, Bertha Benz kó àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì sínú mọ́tò tí ọkọ rẹ̀, Carl Benz, ṣe, ó gbéra ní Mannheim lọ sí Pforzheim ní Jámánì, ìrìn tó lé ní 100 kìlómítà. Nígbà tí páìpù epo dí, abẹ́rẹ́ fìlà rẹ̀ ló fi tú u fúnra rẹ̀. Nígbà tí igi bíréèkì ń jẹ tán, oníbàtà ló lọ bá, ó ní kó kan awọ mọ́ ọn. Òun ló rí àléébù náà, òun ló mọ ohun tó yẹ kí wọ́n fi ṣe é. Ọwọ́ oníṣẹ́ nìkan ló yá.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ló kẹ́yìn. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 2018, ọkọ̀ epo kan ṣubú lórí afárá Ọ̀tẹ́dọlá, ní ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ó gbiná. Ọkọ̀ tó lé ní 50 jóná, ó kéré tán èèyàn 9 kú. Ohun tí àwọn aláṣẹ sọ ni pé bíréèkì rẹ̀ ló kọ̀. Bíréèkì ọkọ̀ ńlá yàtọ̀ sí ti ayọ́kẹ́lẹ́, afẹ́fẹ́ ló ń tì í, ṣùgbọ́n àwọn tó wà nínú ayọ́kẹ́lẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ náà ò mọ ẹni tó tún un ṣe kẹ́yìn. Ọkọ̀ tó ń sáré 100 kìlómítà ní wákàtí kan ń rin nǹkan bíi mítà 28 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo.

Nítorí náà, ẹni tó ní irinṣẹ́ wọ̀nyẹn, tí ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́ irú tó wọ́pọ̀, tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ti fi hàn án lójúkojú, kó ṣe ti iwájú fúnra rẹ̀. Ẹni tó ní ọkọ̀ Prius, kó má dán an wò: kọ̀ǹpútà ọkọ̀ náà lè jí ẹ̀rọ bíréèkì nígbà tí wọ́n bá kàn ṣí ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀ kálípà ṣì wà ní títú. Ọkọ̀ tí bọ́tìnnì ni wọ́n fi ń fa bíréèkì ọwọ́ rẹ̀ náà sábà máa ń fẹ́ kọ̀ǹpútà mẹkáníìkì kí wọ́n tó kan ti ẹ̀yìn. Àwọn yòókù, tí wọ́n pọ̀ jù, kí wọ́n sanwó. Kí wọ́n sanwó, kí wọ́n sì dúró tì í.

Kí wọ́n gba páàdì àtijọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sọ́wọ́. Kí ọkọ̀ tó kúrò lójú kan, kí wọ́n tẹ bíréèkì léraléra títí yóò fi le, torí písítìnì tí wọ́n tì wọlé ṣì jìnnà sí páàdì. Ẹni tó bá gbàgbé èyí, ẹsẹ̀ rẹ̀ á kan ilẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ tó bá fẹ́ dúró. Lẹ́yìn náà, kí mẹkáníìkì wọlé síwájú ọkọ̀, kí wọ́n jọ lọ dán an wò lójú ọ̀nà tí kò sí èrò. Mẹkáníìkì tó bá ní òun ò ráyè wọlé, kí owó rẹ̀ dúró títí yóò fi ráyè.