Ìrìn Àjò Kì Í Ṣe Ìsáǹsá

Àwọn kan ní òbí tó bá fi ọkọ̀ tí à ń gbé bí ilé kó ọmọ rin etíkun Florida fún oṣù kan ń ba ẹ̀kọ́ jẹ́. Mo ta kò wọ́n. Fort Mose ni mo ti mọ̀ pé ní 1738, àwọn ẹrú tó sá àsálà ti ní ìlú òmìnira níbẹ̀. Ní Key West, mo rí ibi tí wọ́n sin ọmọ Áfíríkà tó tó nǹkan bí 295 sí ní 1860, àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú mẹ́ta. Ọ̀kan ti Ouidah wá. Ta ló kọ́ wa nìyẹn ní kíláàsì? Ìṣirò ńkọ́? Èmi ni mo ń ṣírò owó epo. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ fún wa níṣẹ́ tí a óò máa ṣe lójú ọ̀nà. Ẹ má pè wá ní ìsáǹsá.