Òkú Inger Jí, Ẹ Má Pè É Lówe

Inger kú. Wọ́n tẹ́ ẹ sínú pósí, ará ilé àti ará àdúgbò dúró yí i ká, ó ku kí wọ́n dé pósí kí wọ́n sì gbé e lọ sí itẹ́ òkú. Ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré di ọwọ́ àbúrò bàbá rẹ̀ mú, ó ní kó yára jí màmá òun. Arákùnrin náà pe òkú ní orúkọ Jésù Kristi. Ọwọ́ tí wọ́n ti pa pọ̀ lé e láyà mira, obìnrin náà sì la ojú.

Bí Ordet ṣe parí nìyẹn, fíìmù tí Carl Theodor Dreyer ṣe ní ilẹ̀ Dẹ́ńmákì, tó gba Kìnnìún Wúrà ní Venice ní ọdún 1955. “Ọ̀rọ̀” ni orúkọ náà túmọ̀ sí. Ohun tí mo sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó wò ó, pàápàá àwọn tó kàwé dáadáa, ni pé àpẹẹrẹ ni. Wọ́n ní ìfẹ́ ni Dreyer ń sọ. Wọ́n ní Mikkel, ọkọ tí kò gba Ọlọ́run gbọ́, ni ó jí ní tòótọ́, kì í ṣe ìyàwó rẹ̀. Mi ò gbà. Inger kú, Inger sì jí. Ẹni tí kò bá lè gba èyí fún ìwọ̀nba wákàtí méjì tó fi jókòó síwájú fíìmù náà, fíìmù mìíràn ló wò.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orísun. Kaj Munk, pásítọ̀ ìjọ Luther ní abúlé Vedersø, ló kọ eré orí ìtàgé tí fíìmù yìí ti jáde wá. Ọdún 1925 ló kọ ọ́, 1932 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é lórí ìtàgé. Àwọn Gestapo ló pa Munk ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1944, torí pé kò dákẹ́ fún àwọn Násì tó gba ilẹ̀ rẹ̀. Nínú eré ti Munk, nígbà tí òkú jí tán, dókítà ṣì rí ohun sọ: ó di ẹ̀bi náà ru àwọn tó yẹ òkú wò, bí ẹni pé wọn kò yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn nìyẹn fún ẹni tí kò fẹ́ gbàgbọ́. Dreyer ti ilẹ̀kùn náà pa. Kò sí ọ̀rọ̀ yẹn nínú fíìmù rẹ̀. Ọkùnrin tó bá mọ̀ọ́mọ̀ yọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kúrò kò fẹ́ kí a bá ẹ̀yìn jáde.

Kò sì fi ikú Inger ṣeré: orí ìkúnlẹ̀ ló kú sí. Birgitte Federspiel tó ṣe Inger lóyún nígbà tí wọ́n ń ya fíìmù náà, Dreyer sì gba ohùn ìrọbí rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó bímọ. Ohùn yẹn ló wà nínú fíìmù. Nígbà tí bàbá ọkọ Inger, Morten Borgen arúgbó, béèrè ọmọ tí wọ́n bí, Mikkel dá a lóhùn pé ó wà nínú garawa, dókítà ti gé e sí mẹ́rin. Mi ò mọ fíìmù ìgbàgbọ́ mìíràn tó jẹ́ sọ irú èyí jáde. Ẹni tó fẹ́ pa òwe kì í gbé garawa wọ inú yàrá ìrọbí.

Àmọ́ ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé Dreyer ti fi àwọn tó ń pè é lówe sínú fíìmù náà tẹ́lẹ̀. Pásítọ̀ tuntun tó wá kí ilé Borgen ni wọ́n. Ó gbà pé Ọlọ́run lè ṣe iṣẹ́ ìyanu, ó kàn gbà pé iṣẹ́ ìyanu kì í ṣẹlẹ̀ mọ́ ní ìgbà tiwa ni. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tutù, aṣọ rẹ̀ mọ́, ó mọ ìwé. Nígbà tí Johannes, àbúrò Mikkel, dúró ti pósí tó fẹ́ pe òkú, pásítọ̀ yìí ló gbé ẹsẹ̀ láti dá a dúró, dókítà tí kì í ṣe onígbàgbọ́ ló sì dá òun náà dúró. Ẹ tún un wò. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ló fún iṣẹ́ ìyanu láyè, ìránṣẹ́ Ọlọ́run ló fẹ́ dí i lọ́nà. Òǹwòran tó ń wá àlàyé fún àjíǹde Inger, ẹ̀gbẹ́ pásítọ̀ ló wà, kódà bó bá pe ara rẹ̀ ní aláìgbàgbọ́.

Mo bọ̀wọ̀ fún Guido Aristarco ju wọn lọ. Lámèyítọ́ ará Ítálì ni, ó bínú sí fíìmù náà gan-an, ó ní Dreyer kọ ẹ̀yìn sí sáyẹ́ǹsì. Dreyer dá a lóhùn pé òun kò kọ ẹ̀yìn sí i, pé sáyẹ́ǹsì tuntun tó tẹ̀lé Einstein ń mú wa sún mọ́ òye agbára Ọlọ́run ni. Èsì yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn pátápátá. Mo rò pé fíìmù rẹ̀ ní ìgboyà ju èsì rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n Aristarco rí ohun tó wà níwájú rẹ̀. Ó rí òkú tó jí, inú bí i, ó sì sọ ọ́. Ìyẹn ni kí ènìyàn wo fíìmù.

Ẹ̀yin onígbàgbọ́, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Mo ti rí àwọn tó gé ìran ìkẹyìn yẹn nìkan, tí wọ́n ń fi han ènìyàn bí ẹ̀rí. Ẹ wo èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ìjọ méjì ló wà ní abúlé yẹn. Ti Borgen, àwọn ọmọlẹ́yìn Grundtvig, pásítọ̀ ará Dẹ́ńmákì, fẹ́ràn ayọ̀. Ti Peter télọ̀ ka ayé sí ẹ̀ṣẹ̀. Peter kò fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ fẹ́ Anders, ọmọ Borgen, torí ìjọ. Ní ilẹ̀ Yorùbá, a mọ bàbá tó ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Kódà Peter ní òun fẹ́ kí àdánwò líle dé bá Borgen kó lè yí padà. Àdánwò sì dé. Gbogbo wọn ló ń gbàdúrà, gbogbo wọn ló ń kọrin, síbẹ̀ nígbà tí Inger kú, kò sí ẹni tó ronú àtibẹ Ọlọ́run kó dá a padà. Johannes bá wọn wí sí i lójú. Òun tí wọ́n ti ń pè ní wèrè látìgbà tó ti ka ìwé Kierkegaard onímọ̀ ọgbọ́n orí di ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní Kristi, àti ọmọdé kan, àwọn méjèèjì nìkan ló béèrè. Ẹ tún wo nǹkan mìíràn: ọmọ inú garawa kò jí. Ẹni tó bá ń fi fíìmù yìí wàásù gbọ́dọ̀ wàásù dé ibẹ̀ yẹn.

Wọ́n tún máa ń ní ó falẹ̀. Ó falẹ̀ lóòótọ́. Ó lé ní wákàtí méjì, ìgbà tí wọ́n sì gé àwòrán lé díẹ̀ ní 100 péré. Ojú àwa tó dàgbà sí fíìmù Mount Zion, tí Mike Bamiloye dá sílẹ̀ ní 1985, ti mọ́ àdúrà kíkankíkan, ohùn òkè àti ẹ̀mí èṣù tó ń pariwo jáde. Mo fẹ́ràn wọn, wọ́n tọ́ mi dàgbà. Ní Borgensgård, ilé àwọn Borgen, kò sẹ́ni tó fi ariwo gbàdúrà. Kámẹ́rà rọra ń rìn káàkiri yàrá bí ẹni tó ń ṣọ́ aláìsàn lóru, títí tí a ó fi mọ àga kọ̀ọ̀kan, tí a ó fi mọ aago ara ògiri tí wọ́n dá dúró nítorí òkú. Nígbà tí iṣẹ́ ìyanu bá dé, inú ilé tí a mọ̀ ló bá wa. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ aláìgbàgbọ́ fi ń sunkún níbẹ̀ láìmọ ohun tó ṣe wọ́n. Ẹ jẹ́ kí ẹkún yẹn dúró. Ẹ má fi àlàyé nu ún kúrò.

Nígbà tí Inger jí, kò sọ ohun tó rí lọ́run. Ó di mọ́ ọkọ rẹ̀, ó fẹnu mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí ebi ń pa, ó sì béèrè ọmọ rẹ̀. Anders ti tún aago náà ṣe, ó ti ń lọ. “Ìyè” ni ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn fíìmù náà. Inger ló sọ ọ́, láti inú pósí ló sì ti dìde tó fi sọ ọ́.