Kì Í Ṣe Ìyá Àgbà Ló Ń Tẹ̀ Yín Mọ́lẹ̀ Lóru

Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́, ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀rọ̀ yìí lè má dùn mọ́ gbogbo yín nínú, ṣùgbọ́n ó tó gẹ́ẹ́. Ó tó gẹ́ẹ́ kí a máa nàka sí arúgbó tó jókòó jẹ́jẹ́ nínú agboolé nítorí pé ọmọ kan jí lóru tí kò lè mira. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí, lọ́dọ̀ babaláwo, ohun kan náà la ń gbọ́: ogun òru ni, àjẹ́ ló gun ọmọ náà láyà. Mo sọ ọ́ gbangba pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo bó ṣe máa ń ṣe. Ènìyàn fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn. Ní ìdájí, ojú rẹ̀ là. Ó rí àjà, ó rí aṣọ tó fi kọ́ ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn, ó ń gbọ́ ohùn àwọn tó ń lọ sọ́jà Akẹ̀sán. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kò ṣeé gbé, ẹsẹ̀ kò ṣeé nà. Nǹkan jókòó lé e láyà. Ẹnì kan dúró lẹ́bàá ibùsùn, dúdú, kò fọhùn. Ó fẹ́ pe Jésù, ó fẹ́ ké Bisimilahi, ohùn kò jáde. Lójijì ara tú, ó fò dìde, òógùn bò ó.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Oorun alẹ́ kan kì í ṣe irú kan ṣoṣo. Ó ń yí po, ìyípo kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 90, láti oorun fẹ́ẹ́rẹ́ dé àsùnwọra, títí dé oorun kan tí ẹyinjú ti ń sáré síhìn-ín sọ́hùn-ún lábẹ́ ìpéǹpéjú. Eugene Aserinsky àti Nathaniel Kleitman ní Yunifásítì Chicago ló tẹ ìwádìí jáde lórí rẹ̀ ní 1953. Inú oorun yìí ni àlá tó le jù ti ń wá, ó sì máa ń pẹ́ sí i bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ bọ̀. Lásìkò yẹn, ìdí ọpọlọ, níbi tó ti so mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, ń de iṣan ara pinpin. Ó kàn yọ ojú sílẹ̀, àti iṣan tó wà lábẹ́ ẹ̀dọ̀fóró tí a fi ń mí.

Ààbò ni ìdè náà. Ní 1986, àwọn dókítà ní Minnesota, ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé nípa àwọn àgbàlagbà tí ìdè náà kì í dè mọ́: bí wọ́n bá ń jà lójú àlá, wọ́n ń lu aya tó sùn tì wọ́n ní ti gidi. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, iyè á ti jí, ìdè kò sì tíì tú. Ojú là torí pé a kò dè é. Àyà wúwo torí pé iṣan ìhà ti dẹ̀. Àlá tí kò tíì tán sì ń bá a lọ nínú yàrá tí ojú ń rí.

“Ṣùgbọ́n mo rí ojú rẹ̀ kedere!” Mo gbà pé ẹ rí i. Ẹ̀rù ló ba ọpọlọ, ó sì wá ẹni tó yẹ kó bẹ̀rù. Bí gbogbo agboolé bá ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ láti ọdún mélòó kan pé àjẹ́ ni ìyá báyìí, ojú ta ni ọpọlọ yóò mú wá? Ní Japan náà, wọ́n ń pe ìdè òru yìí ní kanashibari. Ní Newfoundland, ní Kánádà, wọ́n ní arúgbóbìnrin kan ló ń jókòó lé àwọn láyà. Ọ̀pọ̀ àwọn ará Japan kì í pe Jésù tàbí Bisimilahi, síbẹ̀ ara wọn ń tú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má gbàdúrà; èmi náà ń gbàdúrà kí n tó sùn. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìtúsílẹ̀ yẹn kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹnì kan wá dè yín.

Ẹ wo àwọn tó ń ṣe jù: akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì LAUTECH tó fi òru mọ́jú nítorí ìdánwò, ọlọ́dẹ, nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ òru, ẹni tí àníyàn gbé oorun lọ lójú rẹ̀. Àìsùn dáadáa wà lára ohun tó ń fà á, ìfẹ̀yìnlélẹ̀ sì ń dá kún un. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ sùn, kí ẹ sì sùn lásìkò.

Ibi tí ewu gan-an wà nìyí. Ní 2007, Aina àti Famuyiwa, oníṣègùn ọpọlọ méjì, kọ̀wé lórí ogun òru láàárín àwa Yorùbá. Wọ́n ní oríṣiríṣi àìsàn ló lè fara pamọ́ sábẹ́ orúkọ yẹn: ìjí-ké lójú oorun, ìrìn ojú oorun, àní àìsàn ọpọlọ. Èmi náà á fi wárápá òru kún un. Bí ọmọ bá ń gbọ̀n lóru, tó gé ahọ́n jẹ, tó tọ̀ sára, ẹ má gbé e lọ síbi tí wọn yóò ti nà án kí ẹ̀mí àìmọ́ lè jáde. Ọsibítù ńlá LAUTECH wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Èyí tí àwọn Onítẹ̀bọmi bẹ̀rẹ̀ ní 1907 ṣì wà níbẹ̀, tó ti di ti Yunifásítì Bowen. Wárápá ní oògùn.

Ìyá tí ẹ ti fẹ̀sùn kàn, ẹ lọ bẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì dá ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí ẹ mú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ nítorí ẹ̀sùn náà padà fún un.