Ọ̀rọ̀ Igbó Kì í Ṣe Ti Àwọn Ará Oǹdó Nìkan

Àsìkò ìbò tún ti dé. Àwọn olùdíje tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí àdúgbò àwọn Yorùbá ní ìlú Sókótó pẹ̀lú àpò ìrẹsì, aṣọ tí wọ́n ya àwòrán ara wọn sí, àti ìlérí iná mànàmáná. Wọn a kí àwọn àgbà ní "ẹ kú ilé" tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ lánàá, wọn a bi àwọn ìyálọ́jà ní ohun tí wọ́n ń fẹ́, wọn a sì gba ọ̀nà wọn lọ. Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi wọ́n. Ohun náà ni igbó, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní wiwi: ṣé kí òfin fàyè gba gbígbìn rẹ̀ àti títà á ni, àbí kí ó wà ní èèwọ̀ bí ó ti wà?

Ọ̀pọ̀ Yorùbá Sókótó gbà pé àwọn ará ilé, ní Oǹdó àti Èkìtì, ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Wọ́n ṣì í. Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ka oògùn àti májèlé mọ́ àwọn nǹkan tí Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ nìkan lè ṣòfin lé lórí. Kò sí gómìnà tí ó lè fọwọ́ sí igbó ní ìpínlẹ̀ tirẹ̀, bí ó ti wù kí ó fẹ́ ẹ tó. Àwọn sẹ́nétọ̀ 109 àti àwọn aṣojú-ṣòfin 360 tó ń jókòó ní Àbújá ni yóò pinnu rẹ̀. Sẹ́nétọ̀ mẹ́ta-mẹ́ta ni ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní, ṣùgbọ́n Oǹdó ní aṣojú-ṣòfin 9, Sókótó sì ní 11. Ohùn tí Sókótó ní nínú ilé náà ju ti Oǹdó lọ. Nítorí náà, télọ̀ tó ń dìbò ní Mabera ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Ọ̀wọ̀ ti ní in.

Ìdí mìíràn tún wà. Ní ọjà, ní gáréèjì, ní ibi iṣẹ́, ẹ̀gàn kan ń tẹ̀lé ọmọ Yorùbá kiri: pé àwọn èèyàn rẹ̀ ló ń gbin igbó, àwọn ló ń mu ún, àwọn náà ló sì fẹ́ kí ìjọba tú u sílẹ̀. Inú a máa bí àwọn àgbà bí wọ́n bá gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ìbínú kì í ṣe èsì, nítorí pé òtítọ́ wà nínú ẹ̀gàn náà. Ìwádìí tí Àjọ Ìṣirò ti ìjọba àpapọ̀ ṣe pẹ̀lú ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ egbògi olóró, tí wọ́n gbé jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2019, fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 15 sí 64 ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn, 22.4 ló ti lo egbògi olóró láàárín ọdún kan. Ní àríwá ìwọ̀-oòrùn, tí Sókótó wà nínú rẹ̀, 12 ni. Kò sí agbègbè kan ní Nàìjíríà tí ó ga tó ti ilẹ̀ Yorùbá. Ní gbogbo orílẹ̀-èdè, mílíọ̀nù 10.6 èèyàn ló mu igbó láàárín ọdún náà. (Àwọn tó ń gan Yorùbá kì í dárúkọ kodéènì. Ọ̀rọ̀ ṣì ń bọ̀ síbẹ̀.)

Ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ náà dé gbangba ni olóògbé Rótìmí Akérédolú, tó jẹ́ gómìnà Oǹdó. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019, òun àti ọ̀gá àgbà àjọ NDLEA ìgbà náà lọ sí Táílàǹdì láti wo bí wọ́n ṣe ń gbin igbó fún oògùn. Àlàyé rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀: igbó ń ṣe dáadáa nínú ilẹ̀ Oǹdó, àwọn tó ń gbìn ín nínú ẹgàn kò dáwọ́ dúró rí, àwọn oníṣòwò òru ló ń jẹ èrè rẹ̀, òyìnbó sì ń fi owó gọbọi ra oògùn tí wọ́n fi ń ṣe. Kí ló dé tí ìjọba àti àgbẹ̀ kò ní jẹ nínú rẹ̀? Ṣáájú rẹ̀, Ọmọ́yẹlé Ṣówòrẹ́, tó díje dupò ààrẹ ní 2019, ti sọ irú rẹ̀ nípa igbó Èkìtì, ẹ̀rín sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi dá a lóhùn. Wọn kò lè fi ẹ̀rín dá Akérédolú lóhùn. Agbẹjọ́rò àgbà ni, ó sì ti jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò Nàìjíríà rí. Èèyàn tó mọ òfin ló sọ̀rọ̀, ó sì yẹ kí èsì tí yóò gbà jẹ́ èsì tó nítumọ̀.

Èsì náà nìyí. Igbó tí òfin máa ń fàyè gbà kì í ṣe igbó tí àgbẹ̀ Oǹdó ń gbìn. Gánà tó wà nítòsí ṣe òfin ní ọdún 2020 pé kí wọ́n lè fún èèyàn ní ìwé àṣẹ láti gbin igbó fún iṣẹ́ ilé iṣẹ́ àti fún oògùn. Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ níbẹ̀ fagi lé apá náà ní 2022, àwọn aṣòfin sì tún dá a padà ní 2023. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n fọwọ́ sí? Irú igbó tí èròjà tó ń gun orí ẹni, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní THC, kò ju ìdá 0.3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹni tó bá mu irú rẹ̀ kò ní rí nǹkan kan ju èéfín lọ. Irúgbìn rẹ̀ yàtọ̀, ọgbà tí wọ́n fi ń ṣọ́ ọ yàtọ̀, yàrá àyẹ̀wò tó nílò kò sí lábúlé. Àgbẹ̀ tó ń fi àdá àti ọkọ́ ṣiṣẹ́ nínú ẹgàn kò lè rí owó irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ọlọ́rọ̀ Èkó àti Àbújá ni yóò gba ìwé àṣẹ, àwọn ni yóò pe òyìnbó wá bá wọn dòwò pọ̀. Àgbẹ̀ yóò padà sínú ẹgàn lọ gbin ti àtijọ́, ọlọ́pàá yóò sì máa lé e bí wọ́n ti ń lé e tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ń polówó igbó lórúkọ àgbẹ̀ kò sọ èyí fún àgbẹ̀.

Táílàǹdì tí Akérédolú lọ kọ́gbọ́n níbẹ̀ pàápàá ti yíwọ́ padà. Igbó oògùn ni wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ sí ní 2018. Nígbà tó di oṣù Kẹfà ọdún 2022, wọ́n yọ igbó kúrò nínú àwọn egbògi tí òfin dè. Kò pẹ́ tí ṣọ́ọ̀bù igbó fi kún ìgboro. Ní 2025, ìjọba ibẹ̀ ní kí ẹnikẹ́ni má ra á mọ́ bí kò bá ní ìwé oníṣègùn lọ́wọ́. Ọdún mẹ́ta péré ni ìyẹn gbà wọ́n. Orílẹ̀-èdè tó létò ju Nàìjíríà lọ ni o.

Wàyí o, kodéènì. Àwọn tó wà ní Sókótó, ní Kánò, ní Kàtísínà, mọ ohun tí ìgò kékeré náà ṣe sí àwọn ọmọ àríwá, lọ́kùnrin lóbìnrin. Kodéènì kò ti inú ẹgàn Oǹdó wá. Oògùn ikọ́ ni, òfin mọ̀ ọ́n, ilé iṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ ló ń pò ó, nọ́ńbà NAFDAC sì wà lára ìgò rẹ̀. Ìwé oníṣègùn ló yẹ kí wọ́n máa fi rà á. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2018, BBC gbé fíìmù kan jáde tó fi hàn bí àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ oògùn ṣe ń ta á ní bòńkẹ́lẹ́ fún àwọn tó ń mu ún bí ọtí. Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ tí ìjọba àpapọ̀ fi fòfin de ṣíṣe é àti kíkó o wọlé. Ẹnikẹ́ni tó bá ní Nàìjíríà lè ya igbó oògùn sọ́tọ̀ kúrò lára igbó fàájì, kí ó kọ́kọ́ ṣàlàyé ìdí tí kò fi lè ya oògùn ikọ́ sọ́tọ̀. Kò sí ohun tó lágbára ju èyí lọ nínú gbogbo àríyànjiyàn náà, èèyàn Sókótó ló sì mọ̀ ọ́n jù.

Pé oògùn wà nínú igbó, òótọ́ ni. Oògùn tí wọ́n mú jáde láti inú rẹ̀ ń ran àwọn ọmọdé kan tó ní wárápá líle lọ́wọ́, ó sì ń dá èébì dúró fún àwọn tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí egbògi olóró fi ìbò 27 sí 25 yọ igbó kúrò nínú ẹgbẹ́ àwọn egbògi tó burú jù. Kò sí ẹni tó ní kí dókítà má fi oògùn tó dára wo aláìsàn. Ilé ìwòsàn ń lo mọfíìnì fún ìrora, síbẹ̀ kò sí ẹni tó ti ìtorí rẹ̀ ní kí wọ́n gbin òdòdó tí wọ́n fi ń ṣe é sí gbogbo oko.

Àwọn ọ̀dọ́ ní èsì tiwọn, wọ́n sì máa ń sọ ọ́ ketekete: ọtí ń pa èèyàn, sìgá ń pa èèyàn, ìjọba sì ń gba owó orí lórí méjèèjì. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ejò kan ti wọlé rẹ̀ kì í ṣí fèrèsé fún èkejì kí ìwọ̀n lè dọ́gba. Wọ́n tún máa ń dárúkọ Fẹlá. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti mu igbó tó Fẹlá tí wọn kò kọ orin kan. Láti 1964 ni Dókítà Tọ́lání Àsùní ti kọ̀wé láti ilé ìwòsàn Arò ní Abẹ́òkúta nípa wàhálà tí igbó ń dá sílẹ̀ nínú ọpọlọ àwọn tó ń mu ún àti ní àwùjọ. Ìwádìí àwọn oníṣègùn láti ìgbà náà fi hàn pé ọmọ tó bá bẹ̀rẹ̀ ní kékeré, tí ó sì ń mu ún gan-an, ló sún mọ́ wèrè jù.

Títí dé ìhín, inú àwọn tó ń pariwo pé kí wọ́n so àwọn amugbó rọ̀ yóò ti máa dùn. Kí wọ́n ní sùúrù. Ọ̀nà tiwọn náà ti wà nílẹ̀ fún ọgọ́ta ọdún, èso rẹ̀ ni mílíọ̀nù 10.6 yẹn. Ní 1966, òfin ológun fi ikú tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún 21 lé ẹni tó bá gbin igbó, ó sì fi ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá lé ẹni tó bá mu ún. Ní 1975 wọ́n yọ ikú kúrò. Òfin NDLEA ti 1989 fi ẹ̀wọ̀n gbére lé gbígbìn, ó sì kọ ẹ̀wọ̀n ọdún 15 sí 25 fún ẹni tí wọ́n bá ká egbògi olóró mọ́ lọ́wọ́. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún ọdún 2024, Ilé Aṣòfin Àgbà tún fọwọ́ sí àbá pé kí wọ́n máa pa àwọn tó ń ṣòwò egbògi olóró, bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò gbìyànjú ìdájọ́ ikú rí. Ohùn ẹnu ni wọ́n fi dìbò náà. Kò sí àkọsílẹ̀ tí ará Sókótó lè fi mọ ohun tí sẹ́nétọ̀ tirẹ̀ sọ níbẹ̀.

Tálọ́wọ́ òfin sì máa ń tẹ̀? Kì í ṣe ẹni tó ń kó o sínú ọkọ̀ àjàgbé. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ni, tí wọ́n bá wíìtì igbó kan lápò rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọmọ Yorùbá ní Sókótó, ó ti jẹ gbèsè méjì: ti òfin, àti ti ẹ̀gàn tó ti wà nílẹ̀ kí ó tó dé. Bàbá rẹ̀ yóò yá owó láti gbà á sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí, wọn yóò wá ibi tí wọn yóò gbé e pamọ́ sí. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, ọlọ́pàá wọ ilé kan ní Rigasa, ní Kàdúná, wọ́n sì tú èèyàn tó lé ní 300 sílẹ̀, àgbà àti ọmọdé, tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè. Àwọn òbí ló fi ẹsẹ̀ ara wọn mú ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ síbẹ̀, kí wọ́n lè jáwọ́ nínú egbògi olóró. Àwọn òbí náà kì í ṣe òǹrorò. Wọn kò mọ ibòmíràn ni. Kì í ṣe ilé alùfáà nìkan ni irú rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Àwọn ilé àdúrà kan náà ń de èèyàn mọ́lẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Kware, tí kò jìnnà sí ìgboro Sókótó. Ìtìjú ni kì í jẹ́ kí Yorùbá mú ọmọ rẹ̀ lọ síbẹ̀, kí wọ́n má baà sọ pé wèrè wà nínú ìdílé wọn. Ìtìjú nìkan kọ́ o. Ẹ̀rù tún wà. Níwọ̀n ìgbà tí òfin bá ṣì ka ẹni tó ń mu igbó sí ọ̀daràn, òbí tó bá gbé ọmọ lọ síwájú dókítà ń bẹ̀rù pé ọlọ́pàá ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀.

Nítorí náà, ẹgbẹ́ méjèèjì ló yẹ kí Yorùbá Sókótó kọ̀ fún. Kí wọ́n kọ̀ fún àwọn tó fẹ́ sọ igbó di ọjà lórúkọ oògùn. Kí wọ́n sì kọ̀ fún àwọn tó fẹ́ máa fi okùn àti ẹ̀wọ̀n wo àìsàn. Òfin tó yẹ kó wà ni èyí tí yóò mú ẹni tó ń tà á le koko, tí yóò sì fi ẹni tó ń mu ún lé oníṣègùn lọ́wọ́ dípò wọ́dà.

Aáfà àti pásítọ̀ lè má fẹnu kò lórí ọ̀pọ̀ nǹkan láàárín àwùjọ náà, ṣùgbọ́n méjèèjì ló ń sin òkú àwọn ọ̀dọ́. Bí àwọn olùdíje sí ilé aṣòfin bá wá sí ìpàdé ní oṣù yìí, kí wọ́n gba ìrẹsì wọn bí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n sì bi wọ́n léèrè: bí wọ́n bá gbé àbá pé kí igbó di ọjà wá sí Àbújá, ṣé wọn yóò fọwọ́ sí i? Bí wọ́n bá sì tún gbé ti ìdájọ́ ikú wá, ṣé wọn yóò sọ ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀ fún àwọn tó rán wọn lọ? Kí wọ́n bi wọ́n ní Hausa, kí olùdíje kankan má sọ pé òun kò gbọ́ èdè.