"Yí i sí i!" ló bó ọ̀dà ọkọ̀ mi

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ fífọ̀ ni mo gbé wá lónìí. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Ẹni tó bá ní ọkọ̀, tàbí tó ní ọmọ tó ń fọkọ̀ jẹun, kó fara balẹ̀ kà á dópin.

Lọ́jọ́ Sátidé kan báyìí, mo ní òde tí mo fẹ́ lọ, ni mo bá gbé ọkọ̀ mi lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fọkọ̀ ládùúgbò wa l'Ékòó. Ẹ̀rọ tó ń lo pẹtiróòlù, èyí tó ń pariwo bíi jẹnẹrétọ̀, ni wọ́n ń lò. Kò pẹ́ tí ọmọkùnrin tó mú ìbọn omi náà fi kígbe pé, "Ọ̀gá, omi yìí ò le mọ́ o!"

Ọ̀gá rẹ̀ jókòó sábẹ́ agboòrùn, kò tiẹ̀ dìde. Ó ní, "Yí i sí i jàre! Àbí o ò rí i pé alàgbà ń kánjú ni?"

Ọmọ yẹn yí nọ́ọ̀bù ẹ̀rọ náà títí kò fi yí mọ́. Omi ò le. Ọ̀gá ní kó lọ fi ẹnu pupa sí orí ìbọn. Ọmọ pa ẹ́ńjìnnì, ó fọwọ́ fa ẹnu tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, gbàù! Nǹkan ọ̀hún fò kọjá létí rẹ̀ bí ọta ìbọn, ó lọ ba ògiri. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Ó wá fi pupa sí i, ó tan ẹ̀rọ, ó kọjú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bọ́ńpà mi. Kí n tó ṣẹ́jú pẹ́, ọ̀dà tó tó àtẹ́lẹwọ́ ti ṣí kúrò.

Bí mo ṣe ń pariwo lọ́wọ́ ni ọkùnrin kan tó máa ń tún irú ẹ̀rọ yẹn ṣe ń kọjá lọ. Kò bá wa jà. Ó tú ibi tí họ́ọ̀sì ti wọ ẹ̀rọ, ó yọ asẹ́ kékeré kan jáde. Iyanrìn inú táǹkì ti dí i pa! Ó fọ̀ ọ́, ó dá nọ́ọ̀bù padà sẹ́yìn, omi sì jáde bó ṣe yẹ. Nǹkan tí kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Ẹ̀yin ará, táyà ọkọ̀ tí à ń fẹ́ atẹ́gùn sí, bí 30 sí 35 psi ló ń gbà. Irú ẹ̀rọ yìí lè ti omi jáde ní 2,500 psi. Èyí tó lè bó ọ̀dà lára irin, ṣé ara èèyàn ló máa wá bọ̀wọ̀ fún? Bí omi ọ̀hún bá gún èèyàn, ojú ọgbẹ́ lè dà bí ihò abẹ́rẹ́, ó sì lè má dunni púpọ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Ṣùgbọ́n omi àti ìdọ̀tí ti wọnú ẹran lọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ pílásítà o. Ọsibítù ni lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé ẹ̀rọ omi ló gún un. Ẹni tó bá fi falẹ̀ lè pàdánù ìka.

Nítorí náà, bí omi ò bá le, ẹ kọ́kọ́ wo omi tó ń wọlé. Ṣé ó ń wá dáadáa? Ṣé họ́ọ̀sì ò ṣẹ́ kọ́ńdọ́? Ṣé asẹ́ mọ́? Lẹ́yìn náà, ẹ wo ẹnu ìbọn. Bó bá dí, ẹ tú u. Bí ihò rẹ̀ bá ti jẹ tó fẹ̀, agbára omi á wálẹ̀, ẹ ra tuntun.

Nọ́ọ̀bù ló kẹ́yìn, kì í sì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ló ní in. Lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ẹ yí i sí òsì kí agbára dínkù, ẹ yí i sí ọ̀tún kó pọ̀ sí i. Díẹ̀díẹ̀ ni, kí omi sì máa jáde lẹ́nu ìbọn sí ibi tí kò sí èèyàn bí ẹ ṣe ń yí i. Bẹ́ ẹ bá yí i tí agbára ò pọ̀ sí i mọ́, ẹ dá a padà díẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fún un jù, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá fọwọ́ sílẹ̀ lára ìbọn ni omi á máa lu pọ́ọ̀ǹpù àti họ́ọ̀sì bí òòlù. Ẹ má sì fọwọ́ kan eré ẹ́ńjìnnì, àwọn tó ṣe é ti wọ̀n ọ́n.

Ẹnu pupa ń ta omi lójú kan ṣoṣo bí ọfà, kò yẹ ọkọ̀ rárá. Yẹ́lò ṣì le. Gíríìnì tàbí funfun, tó ń fẹ omi bí abẹ̀bẹ̀, ni ti ọkọ̀. Dúdú ni ti ọṣẹ. Ẹ jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà kan sí ọ̀dà.

Kẹ́ ẹ tó pààrọ̀ ẹnu ìbọn, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ ti omi, ẹ fa ìbọn kí agbára tó há sínú họ́ọ̀sì jáde tán. Ohun tí ọmọ yẹn ò ṣe nìyẹn. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ pẹ́ láìfa ìbọn. Omi inú pọ́ọ̀ǹpù á máa gbóná, á sì ba róbà inú rẹ̀ jẹ́.

Ṣé ẹ fẹ́ gbọ́ bó ṣe parí? Ọ̀gá ní, "Alàgbà, ẹ má bínú, màá yọ owó ọ̀dà nínú owó ọmọ yìí." Mo ní rárá o! Ta ló ní kó yí i sí i? Ta ló ní kó fi pupa? Ta ló gbé ẹ̀rọ lé e lọ́wọ́ láìkọ́ ọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́? Ojú ti ọkùnrin náà, òun fúnra rẹ̀ ló sanwó.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ẹ̀yin ọ̀gá, ọ̀dà ṣeé tún kùn. Ìka ọmọ ọlọ́mọ ńkọ́?

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.