Ọmọdé Ló Mọ Ohun Tó Ń Gbọn Ọkọ̀ Mi

Ọ̀rọ̀ ara mi ni mo fẹ́ sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtìjú wà nínú rẹ̀. Ẹni tó jìn sí kòtò ni í kọ́ ará ìyókù lọ́gbọ́n.

Ṣómólú ni mo ń gbé, àdúgbò àwọn atẹ̀wé. Ìwé tí wọ́n bá tẹ̀ tán ni mo ń fi ọkọ̀ mi kó lọ fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ní Bàrígà àti Àkókà. Bí mo bá ń lọ ní òwúrọ̀, àwọn ọmọ ará ilé mi mẹ́ta a máa bá mi wọkọ̀.

Nígbà òjò ọdún tó kọjá, táyà iwájú kan jò. Ẹni tó bá mi lẹ̀ ẹ́ fi irin gígùn dè é, ó tún gun orí irin náà kí nọ́ọ̀tì lè le dáadáa. Mo yìn ín pé ó mọ iṣẹ́. Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, mo wà lórí afárá Third Mainland, èyí tí wọ́n ṣí ní 1990, mo tẹ bíréèkì, ni sítíárìn bá bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n lọ́wọ́ mi bí ẹni tí ibà mú. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò, ó dákẹ́. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan sún mọ́ mi, ó ní: “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìgbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì nìkan ló ń gbọ̀n? Ẹ jẹ́ kí n tú táyà kí n wo dísìkì.” Mo jágbe mọ́ ọn. Mo ní, “Ìwọ ọmọ àná yìí, o fẹ́ tú ọkọ̀ mi palẹ̀ kí o lè jẹ owó mi?” Ó ní kí n má bínú, ó sì lọ.

Ọ̀gá rẹ̀ kò bi mí léèrè ohun kan. Ó ní táyà ni, mo ra táyà méjì. Ó ní páàdì ni, mo ra páàdì. Ó ní ṣọ́kì ni, mo fi owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ mi ra ṣọ́kì. Ọkọ̀ ṣì ń gbọ̀n.

Èyí tó burú jù ni pé bíréèkì wá ń bà mí lẹ́rù. Ẹsẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní òpópónà Bajulaiye, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan sáré já sí títì. Ẹsẹ̀ mi lọ́ra. Kò ju ìwọ̀n apá kan lọ tó kù kí n gbá a. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ figbe ta. Ọmọ náà wò mí, ó sáré lọ. Èmi kò lè wa ọkọ̀ mọ́ fún ìgbà pípẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni mo wá ọmọ iṣẹ́ tí mo lé lọ. Ó ti gba fíríìdọ̀mù, ó ń dá ṣiṣẹ́ lábẹ́ igi kan ní Bàrígà. Ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bí ẹni pé n kò bú u rí, ó sì ṣàlàyé fún mi.

Bí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n nígbà tí a kò tẹ bíréèkì, táyà àti rọ́ọ̀mù ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí ó bá jẹ́ ìgbà tí a tẹ̀ ẹ́ nìkan, ọ̀dọ̀ bíréèkì ni kí a lọ. Bí ó bá gbọn sítíárìn, iwájú ni ó sábà máa ń jẹ́. Bí ìjókòó àti ibi ìtẹ̀sẹ̀ ló ń gbọ̀n, kí a wo ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ní ABS, tí a tẹ bíréèkì lójijì, tí ó sì ń ta wá lẹ́sẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Kí a má gbé ẹsẹ̀ kúrò.

Ó tú táyà. Ìpẹtà wà láàárín dísìkì àti ibi tí ó jókòó lé, nọ́ọ̀tì tí wọ́n dè ju bó ti yẹ sì ti fa dísìkì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí dísìkì bá ń yí tí ó ń mì, páàdì yóò máa jẹ ibì kan ju ibòmíràn lọ, títí apá kan yóò fi nípọn ju èkejì. Ìyàtọ̀ náà lè má tó ìpọ́n irun orí kan, ọwọ́ yóò sì mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí kò fi bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n de táyà.

Ó wọn dísìkì, ó ní ó ṣì nípọn ju nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí i lára lọ. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀ ni, ríra tuntun ni, méjèèjì pọ̀. A kó wọn lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń fi ẹ̀rọ fá irin. Ó ha ìpẹtà kúrò, ó fi gíríìsì sí ibi tí bíréèkì ti ń rìn, ó yẹ búṣì àti bọ́ọ̀lù jọ́ìnì wò. Irin tó ní ìwọ̀n ló fi de nọ́ọ̀tì, ó ń fo láti ọ̀kan sí èyí tó kọjú sí i. A wà á dé Ọ̀wọ́rọ̀ǹṣòkí. Sítíárìn dákẹ́ jẹ́ẹ́. Owó tó gbà kò tó owó ṣọ́kì.

Ohun tuntun kọ́ ni dísìkì yìí. Ní 1902 ni Gẹ̀ẹ́sì kan, Frederick Lanchester, ti gba ẹ̀tọ́ lórí irú rẹ̀; ní 1953 ni ọkọ̀ Jaguar fi í borí nínú eré ìje Le Mans ní ilẹ̀ Faransé. Èyí tó jẹ́ tuntun sí mi ni pé ìbéèrè kan ṣoṣo ì bá ti gbà mí lọ́wọ́ gbogbo ìnáwó yẹn.

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ náà lójú àwọn oníbàárà rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má pa ọmọ tó ń béèrè lẹ́nu mọ́. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹni tó bá ní kí ẹ ra nǹkan kí ó tó wo nǹkan, ẹ rọra fún un lówó. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.