Ta Ló Ṣe Bíìtì Tí À Ń Jó Sí Yìí?



Bí ẹ bá gba Igolo kọjá nírọ̀lẹ́, ẹ ó gbọ́ ọ: ìlù tó ń sáré, ohùn ẹnìkan tó ń pariwo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, tí wọ́n gé, tí wọ́n ń tún un pè títí. Free beat ni àwọn ọmọ wa ń pè é. Àwọn ará Èkó tún ń pè é ní cruise tàbí mara. Inú mẹ́mọ́rì káàdì àti WhatsApp ló gbà wọlé láti Ìdí-Ìrókò, kò sì sí aṣọ́bodè tó dá a dúró.

Àwọn àgbà kan ní ariwo lásán ni. A ò bá wọn jà. Àmọ́ ẹnìkan ló ṣe ariwo náà, nínú yàrá, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà àlòkù àti FL Studio. DJ YK Mule àti DJ Cora ti lórúkọ nídìí rẹ̀ l'Ékòó. Ní 2024, Rema gbé irú ìlù yìí sínú orin rẹ̀ "Ozeba", ayé gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe é, kò sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa gbọ́ bíìtì ara rẹ̀ níbi ìnáwó kan ní Daagbé. DJ ń pariwo orúkọ ara rẹ̀ lé e lórí. Ọmọ náà sọ fún àwọn tó jókòó tì í pé òun lòun ṣe é. Wọn ò gbà á gbọ́, wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ wo William Onyeabor, ará Enugu. Láti 1977 sí 1985, ó fi synthesizer ṣe àwo orin, ó sì gbé wọn jáde fúnra rẹ̀ lábẹ́ Wilfilms, iléeṣẹ́ tirẹ̀. Nígbà tó yá, ó gba Jésù, kò fẹ́ sọ̀rọ̀ orin náà mọ́. Síbẹ̀, ní 2013, Luaka Bop ti New York tún kó àwọn orin náà jáde, ayé tuntun sì ń jó sí i kó tó kú ní 2017. Orúkọ rẹ̀ wà lára páálí àwo. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ mọ ẹni tí òun ń wá. Ta ni wọ́n máa wá lọ́jọ́ iwájú, nígbà tó jẹ́ "free beat new 3" ni wọ́n kọ sórí iṣẹ́ ọmọ wa?

Àwọn kan á ní ṣebí ọ̀fẹ́ ni. Òótọ́ ni, ọ̀fẹ́ ló jẹ́ kó rìn jìnnà. Àmọ́ bí onígángan bá kì wá, à ń lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí, a sì mọ ọmọ ẹni tó jẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fi ohùn yín pe orúkọ yín níbẹ̀rẹ̀ bíìtì. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà wà ní Bẹ̀nẹ̀, BUBEDRA sì wà ní Kútọnu. Ẹ lọ forúkọ iṣẹ́ yín sílẹ̀. Ẹ̀yin DJ, ẹ dárúkọ wọn, kò ní dín owó yín kù.

Àwa náà jẹ̀bi. A ti fi bíìtì aláìlórúkọ sábẹ́ fídíò wa rí. Láti ọ̀sẹ̀ yìí, a ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ fi tiyín ránṣẹ́, kí ẹ kọ orúkọ àti abúlé yín sí i. Ọmọ Daagbé yẹn, tìrẹ la ó kọ́kọ́ gbé jáde.